Ínsúlìn wo ló bá ológbò yín mu? Caninsulin, ProZinc, Lantus àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Nígbà tí dókítà ẹran bá sọ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ológbò, ohun mẹ́ta ni onílé tó ni í máa ń bèèrè nípa ínsúlìn, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀: èwo ni, èló ni, ta ni yóò sì máa gún un? Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbájú mọ́, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ló ń pinnu owó tí ẹ ó ná àti bí ọjọ́ yín yóò ṣe máa lọ láti aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́. Ẹ lè ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé Lantus, ọ̀kan nínú ínsúlìn tí wọ́n ṣe fún ènìyàn, ni àgbà gbogbo wọn. Ẹlòmíràn á ní oògùn ènìyàn kì í ṣe fún ẹran, ẹ má dán an wò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, àmọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ lé lọ sí ọjà.

Àwọn tó ń tọ́jú ológbò ní London, Houston tàbí Baltimore, níbi tí àwọn oògùn wọ̀nyí ti pọ̀, ni mo ní lọ́kàn jù. Mo ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Dókítà ló máa sọ iye tí ológbò tiyín yóò gbà. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ síbí, kí ẹ lè mọ ohun tó ń sọ ni, kí ẹ sì lè bi í léèrè.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bí oògùn náà ṣe ń pẹ́ tó nínú ara. Ara ológbò máa ń lo ínsúlìn tán kíákíá ju ara ènìyàn lọ. Èyí tó ń gbé ènìyàn di ọjọ́ kejì lè má gbé ológbò kọjá wákàtí 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń gún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ínsúlìn tó bá tán ní wákàtí kẹjọ ti fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ fún ṣúgà láti tún gun òkè, lọ́sàn-án àti lóru. Bó ṣe ń mú ṣúgà wálẹ̀ náà ṣe kókó: ọ̀kan á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òmíràn á jẹ́ kó já bọ́.

Èkejì ni wíwọ̀n. Ológbò tó tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù 4 tàbí 5 sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yúníìtì 1 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa fi ìdajì yúníìtì kún un tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Oríṣi agbára méjì ló wọ́pọ̀: U-40, ìyẹn yúníìtì 40 nínú mílílítà kan, àti U-100, tó jẹ́ yúníìtì 100. Sírínjì wọn yàtọ̀. Ìdérí ti U-40 sábà máa ń pupa, ti U-100 a sì ní àwọ̀ ọsàn. Ẹni tó bá fi sírínjì U-40 fa Lantus, tó jẹ́ U-100, dé àmì 2, yúníìtì 5 ló fún ológbò rẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fi sírínjì U-100 fa Caninsulin, tó jẹ́ U-40, dé àmì 2, 0.8 péré ló wọlé. Ti àkọ́kọ́ lè pa ẹran náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí.

Owó ni ẹ̀kẹta, oṣù ni kí ẹ sì fi ṣírò rẹ̀, ẹ má fi ìgò ṣírò. Ológbò tó ń gba yúníìtì 2 láàárọ̀ àti 2 lálẹ́ ń lo 120 lóṣù. Ìgò U-40 onímílílítà 10 ní 400 nínú, tó tó ọjọ́ 100. Ìgò Lantus onímílílítà 10 ní 1,000, ó ju oṣù mẹ́jọ lọ. Péènì Lantus kan, ìyẹn ohun ìgúnni tó rí bíi gègé, ní 300, ọjọ́ 75 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara páálí ti sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i: 28 fún Lantus, 42 fún Vetsulin (orúkọ Caninsulin ní Amẹ́ríkà), 60 fún ProZinc tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Ẹni tó ra ìgò ńlá nítorí pé ó rí i bí ọ̀pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, ààtàn ni yóò da èyí tó pọ̀ jù sí. Caninsulin ní ìgò kékeré onímílílítà 2.5, yúníìtì 100 nínú rẹ̀, tó jẹ́ ọjọ́ 25 fún ológbò yìí kan náà, kò sì sí àṣẹ́kù tó yẹ ká máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní ti Lantus, ọ̀pọ̀ dókítà ẹran máa ń gbà kí onílé lò ó kọjá ọjọ́ 28 bó bá wà nínú fíríìjì, tó sì mọ́ gaara. Bó bá ti rú, ẹ sọ ọ́ nù.

Ibi tí ẹ ń gbé àti òfin rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní Bìrìtìkó, oògùn tí ìjọba fi àṣẹ sí fún ológbò ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, ìyẹn Caninsulin tàbí ProZinc. Ìgbà tó bá rí ìdí tó fi hàn pé wọn ò bá ẹran náà mu ló tó lè kọ Lantus. Nítorí náà, ẹ má bínú sí dókítà tó kọ̀ láti fún yín ní Lantus lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó lè kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Caninsulin, tí wọ́n ń pè ní Vetsulin ní Amẹ́ríkà

Ínsúlìn ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n fi zinc dẹ eré rẹ̀ kù. Ilé iṣẹ́ MSD ló ń ṣe é, U-40 ni. Ínsúlìn ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ajá mu pátápátá. Ti màlúù ló sún mọ́ ti ológbò jù, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Ìyẹn ò ní kó má ṣiṣẹ́ lára ológbò. Ó ń ṣiṣẹ́, kódà ó ń yára ṣiṣẹ́ jù: ṣúgà á já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, lára ọ̀pọ̀ ológbò agbára rẹ̀ á sì ti tán kí wákàtí 12 tó pé. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ rí i pé ẹran ti jẹun kí ẹ tó gún un. Ológbò tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ káàkiri ọjọ́ kì í bá a rìn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni VetPen, péènì tiẹ̀. Èyí tó mọ ní yúníìtì 8 ń lọ ní ìdajì-ìdajì, ó sì dára fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ò rí ìlà sírínjì mọ́. Oògùn náà máa ń sùn sísàlẹ̀ ìgò, ó sì gbọ́dọ̀ pò pọ̀ dáadáa kí ẹ tó fà á. Bí ìwé inú páálí bá ṣe ní kí ẹ pò ó ni kí ẹ pò ó. Ní 2009, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ Vetsulin ń yí padà láti ìgò dé ìgò, ó sì kúrò lọ́jà títí di 2013. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, àmọ́ ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dókítà níbẹ̀ kọjú sí Lantus tí wọn ò sì padà.

ProZinc

Ológbò gan-an ni wọ́n ṣe èyí fún. Boehringer Ingelheim ló ni ín. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2009, Yúróòpù ní 2013. Irú ínsúlìn ènìyàn ni, tí wọ́n so mọ́ protamine àti zinc kó lè pẹ́. U-40 ni òun náà. Ó ń sọ ṣúgà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ ju Caninsulin lọ, ó sì ń sún mọ́ wákàtí 12 lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìgò rẹ̀, ẹ má mì ín.

Ibi tó ti ń dun ni àpò. Ìgò rẹ̀ wọ́n, kò sì ní péènì. Síbẹ̀, fún ẹni tó wà ní Bìrìtìkó tí òfin ní kó mú ọ̀kan nínú méjì, òun ni mo máa mú.

Lantus àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀

Oògùn ènìyàn ni Lantus, Sanofi ló ṣe é, ó ti wà lọ́jà láti 2000. U-100 ni. Kíkan ni omi inú ìgò rẹ̀. Bó bá dé abẹ́ awọ ara tí kò kan, á dì sí hóró wínníwínní, àwọn hóró náà á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni pípẹ́ rẹ̀ ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fi omi là á tàbí kí ẹ pò ó mọ́ ínsúlìn mìíràn.

Okìkí rẹ̀ láàárín àwọn onílé kò ṣẹ̀yìn ìwádìí tí Kirsten Roomp àti Jacquie Rand gbé jáde ní 2009. Ológbò 55 ni wọ́n wò, tí àwọn tó ni wọ́n ń fi Lantus tọ́jú nílé. Nínú wọn, ìdá 64 nínú 100 ló dé ibi tí wọn ò ti nílò ínsúlìn mọ́. Nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú líle náà láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n mọ àrùn náà, ìdá 84 ni. Nọ́ńbà tó dùn létí, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn tó ni ológbò yẹn ń wọn ṣúgà nílé lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, oúnjẹ inú agolo tí sítáàṣì rẹ̀ kéré sì ni àwọn ẹran náà ń jẹ. Ẹni tó gba Lantus tó sì ń da oúnjẹ gbígbẹ sínú abọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó má retí ohun tí wọ́n rí.

Péènì SoloStar tiẹ̀ kì í mú ìdajì yúníìtì; JuniorSTAR, tí wọ́n máa ń ki ìgò kékeré Lantus sí, ń mú un. Sírínjì onímílílítà 0.3 tó ní ìlà ìdajì ni ọ̀pọ̀ onílé ń lò. Ní January 2024, Sanofi já iye Lantus ní Amẹ́ríkà wálẹ̀ ní ìdá 78 nínú 100, nítorí náà ẹni tó ti sá fún un nígbà kan nítorí owó lè padà lọ bèèrè. Ẹ tún bèèrè Semglee àti Basaglar, tí wọ́n ń pè ní Abasaglar ní Bìrìtìkó; iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Toujeo jẹ́ ọmọ ìyá Lantus, àmọ́ U-300 ni. Sírínjì kò gbọ́dọ̀ kan inú rẹ̀ láé, torí ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ rò ni ẹ ó fà jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ fún dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Levemir, ínsúlìn ènìyàn mìíràn, ń kúrò lọ́jà. Novo Nordisk kó o kúrò ní Amẹ́ríkà ní òpin 2024, wọ́n sì ti kéde pé yóò tán ní Bìrìtìkó ní òpin 2026. Oògùn tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Oògùn tí wọ́n ń fi sẹ́nu

Bexacat, hóró oògùn láti ọwọ́ Elanco, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní December 2022. Senvelgo, olómi, tẹ̀ lé e ní August 2023. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń jẹ́ kí kíndìnrín da ṣúgà sínú ìtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí: ológbò tó ti gba ínsúlìn rí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá já ínsúlìn gbà lọ́wọ́ ara tí kò lè ṣe tiẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á kún fún ketone, oró tí ara ń ṣe bí kò bá ní ínsúlìn, ẹran náà lè kú, nígbà tí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà ṣì ń sọ fún yín pé kò sí wàhálà. Fún ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àrùn rẹ̀, tó ń jẹun, tó lókun, tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ yè kooro nínú àyẹ̀wò, ó yẹ kí ẹ bá dókítà sọ ọ́. Ìgbẹ́ ṣíṣàn wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá wà nílé, ní Ìbàdàn tàbí Èkó

Ohun tí ẹ ó bá ní ilé ìtajà oògùn ni ti ènìyàn: Mixtard, Actrapid, Insulatard, Lantus. Èyí tó wọ́pọ̀ tó sì rọ̀ lówó jù, Mixtard, ni mo máa ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ínsúlìn asáré tí yóò já ṣúgà ológbò wálẹ̀ kíákíá, ìyókù sì jẹ́ irú ti Insulatard, tó ń tán lára ológbò kí àsìkò tó tó. Actrapid jẹ́ ti ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kí a gba ẹ̀mí là. Lantus ló kù. Ó wọ́n, àmọ́ péènì kan ṣoṣo lè gbé ológbò lọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè tú páálí kí wọ́n ta ẹyọ kan.

Sírínjì ni ìdènà tí ènìyàn kì í ronú kàn. Sírínjì ínsúlìn onímílílítà 1 tí wọ́n sábà ń tà, ìlà rẹ̀ lè jẹ́ yúníìtì méjì-méjì. Ẹ ò lè fi wọn ìdajì. Ẹ wá onímílílítà 0.3. Iná ọba sì wà níbẹ̀. Lantus tí ẹ ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, kó má sì dì. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ooru kò bá kọjá 30. Ní oṣù kẹta ọdún, ilé tí kò níná máa ń kọjá 30 dáadáa, nítorí náà ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n tẹ́ sínú yanrìn tí wọ́n ti fi omi rin. Ooru inú rẹ̀ á dínkù. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ni ibi tí mo máa kọ́kọ́ gbé ẹran lọ.

Kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní ínsúlìn kan kò ṣiṣẹ́, ínsúlìn náà kọ́ ló jẹ̀bi. Oògùn tó ti gba ooru, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kò lè ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tó gba inú irun jáde ní òdì kejì kò wọ ara. Eyín tó ń rà àti àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ máa ń mú ṣúgà gbéra, sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n fún un nítorí awọ ara tàbí ikọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ológbò kan sì wà tó jẹ́ pé kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ló ń tú hòmóònù ìdàgbàsókè jù. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtìkó, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn ológbò alátọ̀gbẹ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn tọ́ka sí i. Bí tiyín bá ń gba ínsúlìn púpọ̀, tí ṣúgà ò bọ̀ wálẹ̀, tó tún ń sanra sí i, ẹ ní kí wọ́n yẹ IGF-1 rẹ̀ wò, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí hòmóònù náà ti pọ̀ tó. Pípààrọ̀ ìgò ò ní ran irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó tó pààrọ̀ oògùn fún ni kí àyẹ̀wò ọjọ́ kan gbáko, tí ẹ ń wọn ṣúgà ní wákàtí méjì-méjì láàárín abẹ́rẹ́ méjì, fi hàn pé agbára ínsúlìn náà ń tán ṣáájú àsìkò. Etí ni ẹ ó ti gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà. AlphaTrak, ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà tí wọ́n ṣe fún ẹran, mọ ẹ̀jẹ̀ ológbò. Ẹ̀rọ ti ènìyàn sábà máa ń ka á sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. FreeStyle Libre, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ti gba ọ̀pọ̀ onílé lọ́wọ́ gígún etí.

Nígbà tí ẹ bá wá pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ọjọ́ ìsinmi láàárín: abẹ́rẹ́ tó kàn ni ẹ ó fi oògùn tuntun gún. Ẹ má ṣe gbé iye ti àtijọ́ sórí tuntun láìbèèrè. Ológbò tó ń gba Caninsulin 4 lè má gba ju Lantus 1 tàbí 2 lọ níbẹ̀rẹ̀, dókítà ló máa pinnu. Bí ẹ bá ń kúrò ní U-40 lọ sí U-100, ẹ kó gbogbo sírínjì àtijọ́ jáde nílé lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ ń gún un. Lẹ́yìn náà, sùúrù. Ọjọ́ márùn-ún sí méje ni kí ẹ fún oògùn tuntun kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ kan gbáko mìíràn, kí ẹ sì fi ìdajì yúníìtì yí i padà bó bá yẹ. Ibi tí a fẹ́ kí ṣúgà dé nísàlẹ̀ jẹ́ 80 sí 150 mg/dL, tó jẹ́ 4.4 sí 8.3 fún àwọn tó ń fi mmol/L kà á.

Bí ṣúgà bá bọ́ sísàlẹ̀ 60 mg/dL, tàbí tí ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò lè dúró, tí gìrì mú un, ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀, kí ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má da omi ṣúgà sí i lọ́nà ọ̀fun.

Ta ni kó mú èwo

Ní Bìrìtìkó, tí ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ProZinc. Bí owó ò bá gbé e, tàbí tí ọwọ́ àti ojú yín nílò péènì, Caninsulin pẹ̀lú VetPen, kí ẹran náà máa jẹun ní àsìkò. Ní Amẹ́ríkà, Lantus tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè, pàápàá fún ẹni tó ṣe tán láti máa wọn ṣúgà nílé tó sì fẹ́ gbìyànjú kí àrùn náà padà sẹ́yìn nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, Lantus, bí ẹ bá ti rí sírínjì kékeré àti ibi tútù fún un.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí aago rẹ̀ ń yí padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó bèèrè nípa Senvelgo tàbí Bexacat kí abẹ́rẹ́ ínsúlìn àkọ́kọ́ tó wọ ara ológbò rẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Ẹni tó ń lo Levemir kó gba ìwé oògùn tuntun nígbà tí ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí Caninsulin bá sì ń ṣe dáadáa lára ológbò rẹ̀, tí ṣúgà dúró síbi tó yẹ, tí ẹran náà ń fò gun orí àga bíi ti tẹ́lẹ̀, kó má pààrọ̀ nǹkan kan nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa Lantus.